Lancaster Ni Wọ́n Jókòó Sí

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán-ilé, àwọn ará London ló kún inú ìwé wa: Gilbert Scott, Street, Butterfield, Pearson. Ìgbà tí mo wá ń gbé ní Lancashire ni mo tó mọ̀ pé ọ́fíìsì kan ti wà rí ní ìlú Lancaster, tó jìnnà réré sí London, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo dárúkọ yẹn. Láti 1835 títí di 1946 ni ọ́fíìsì náà fi wà. Orúkọ ara pátákó wọn yí padà lọ́pọ̀ ìgbà: Sharpe nìkan, Sharpe àti Paley, Paley nìkan, Paley àti Austin, Paley, Austin àti Paley, lẹ́yìn náà Austin àti Paley. Ilé iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀gá kan ń fà á lé èkejì lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí London nínú wọn. Èmi gbà pé jíjókòó tí wọ́n jókòó sí ìlú kékeré wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ wọn dára tó bẹ́ẹ̀, ìdí tí mo fi gbà bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Lancaster wà létí odò Lune, níbi tí odò náà ti ń sún mọ́ òkun. Ilé olódi àtijọ́ kan wà lórí òkè láàrin ìlú, kóòtù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì fi ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2011 ni wọ́n tó kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n kúrò níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa tó bá ń kọ ìtàn ìlú yìí kò gbọdọ̀ fo ohun kan: ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, lẹ́yìn Liverpool, London àti Bristol, Lancaster ló kàn nínú àwọn èbúté Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrú láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Owó òwò òkun ayé ìgbà náà ló kọ́ àwọn ilé ìkẹ́rù tó tò lọ rẹrẹ ní St George's Quay títí dòní, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n gbé ère ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kalẹ̀ sí ní 2005. Nígbà tí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí fi máa bẹ̀rẹ̀, òfin ti ka òwò ẹrú léèwọ̀, yẹ̀pẹ̀ ti ń dí odò, Liverpool ti gba òwò yòókù mọ́ wọn lọ́wọ́, Lancaster sì ti di ìlú tó rọra ń gbé ayé tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni Edmund Sharpe dé. Kì í ṣe ọmọ Lancaster. Knutsford ní Cheshire ni wọ́n ti bí i ní 1809. Olùkọ́ orin ni bàbá rẹ̀, òun náà ló sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú yẹn. Nígbà tí bàbá kú, ìyá kó àwọn ọmọ wá sí Lancaster. Sharpe lọ sí yunifásítì Cambridge, ó gba ẹ̀bùn owó ìrìn-àjò níbẹ̀, ó sì fi bí ọdún mẹ́ta rìn ká ilẹ̀ Jámánì àti Faransé, ó ń wọn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ó ń yà wọ́n sínú ìwé. Kò jókòó lẹ́sẹ̀ ọ̀gá kankan láti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó padà dé ní ìparí 1835, inú ilé ìyá rẹ̀ ní Penny Street ló ti ṣí ọ́fíìsì. Ẹni ọdún 26 ni.

Ta ni yóò gbé iṣẹ́ lé ẹni ọdún 26 tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́? Mọ̀lẹ́bí ni. John William Whittaker, ẹni tó jẹ́ fíkà Blackburn nígbà náà, ará ilé rẹ̀ ni. Blackburn wà lára àwọn ìlú tí ilé iṣẹ́ òwú ń kó èrò wọ̀ bí omi, tí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ṣoṣo kò sì lè gba èrò náà mọ́. John Bird Sumner, bíṣọ́ọ̀bù Chester, tí gbogbo Lancashire wà lábẹ́ rẹ̀, ti pinnu pé àdúgbò òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Owó kò tó, ìbéèrè tí wọ́n sì kọ́kọ́ ń bi ayàwòrán-ilé ni pé èèyàn mélòó ni yóò jókòó síbẹ̀. St Mark's ní Witton, lẹ́bàá Blackburn, ni ṣọ́ọ̀ṣì Sharpe àkọ́kọ́, 1836 sí 1838, àwọn ohun tó rí ní Jámánì sì hàn kedere lára rẹ̀. Kó tó pa iṣẹ́ náà tì, ó ti kọ́ bí 40. Púpọ̀ nínú wọn kò wú mi lórí. Ògiri wọn fẹ́lẹ́, fèrèsé wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ilé ìṣọ́ wọn dà bíi pé ó ń bẹ̀rù afẹ́fẹ́. Ọwọ́ tó kúrú ló yà wọ́n bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè bá Sharpe wí.

Méjì wà nínú wọn tí mo lè fi gbogbo ọjọ́ dúró wò. Sharpe ní àna kan, John Fletcher, tó ní kòtò èédú ní Ladyshore, ní Little Lever lẹ́bàá Bolton. Tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ń gbẹ́ èédú, amọ̀ líle kan máa ń bá a jáde, irú èyí tí iná kì í tètè bàjẹ́, tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì inú ààrò. Àwọn méjèèjì wá gbà pé amọ̀ náà lè ṣe ju bíríkì lọ. Ní 1842 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì St Stephen ní Lever Bridge. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sharpe gbé Elizabeth, arábìnrin Fletcher, níyàwó. Amọ̀ sísun ni wọ́n fi ṣe ògiri, òpó, igun fèrèsé, ọ̀ṣọ́ etí òrùlé, títí dé ṣónṣó ilé ìṣọ́ lókè téńté. Ṣọ́ọ̀ṣì ìkòkò ni àwọn èèyàn ń pè é, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lórí títí di òní.

Ìyá ìyá mi ń mọ ìkòkò ní Abẹ́òkúta, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ohun tí àwọn méjèèjì gbé lé ara wọn lọ́rùn. Amọ̀ máa ń sún kì tó bá ń gbẹ, á tún sún kì nínú iná. Ìkòkò tó bá fi díẹ̀ kéré sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ọbẹ̀ inú rẹ̀ kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n ègé igun fèrèsé tó bá fi díẹ̀ kéré kò ní bá ìkejì rẹ̀ mu lókè, gíláàsì kò sì ní wọlé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní láti kọ́kọ́ gbẹ́ àpẹẹrẹ ọ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan kó tóbi ju bó ṣe máa rí lọ, wọ́n á ti ara rẹ̀ ṣe mọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ amọ̀ sínú rẹ̀ dé gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n á tú u jáde, wọ́n á dúró kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o sínú iná. Tí iná bá gbóná jù lápá kan, ègé náà á tẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ nù. Ẹ wá ronú ṣọ́ọ̀ṣì odidi kan tí wọ́n fi irú iṣẹ́ yìí kọ́, ní ìgbà tí kò sí ẹni tó dán an wò rí níbẹ̀.

Èkejì ni Holy Trinity ní Platt, ní Rusholme, Manchester, 1845 sí 1846. Thomas Carill Worsley, tó ni Platt Hall àti ilẹ̀ tó yí i ká, ló san owó rẹ̀. Èyí ṣì ga fíofío pẹ̀lú ṣónṣó rẹ̀. Ti Lever Bridge ni wọ́n wó tirẹ̀ kúrò nígbà tó yá. Tí ẹ bá sún mọ́ ògiri Platt, tí ẹ fi ìka tọ ojú rẹ̀ lọ, ẹ ó rí i pé wọ́n fín ojú amọ̀ náà wẹ́wẹ́ kó lè jọ òkúta tí wọ́n fi irin gbẹ́. Àwọ̀ ègé kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba, òmíràn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òmíràn sì fẹ́ funfun, bí iná ṣe bá a. Ẹ wo ọ̀ṣọ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ewé kan náà, ìtẹ̀ kan náà, àlébù kékeré kan náà létí rẹ̀, nítorí mọ́ọ̀dù kan náà ló bí àwọn méjèèjì.

Ohun tó bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ní Cambridge gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan, Cambridge Camden Society, tó ń ṣe bí adájọ́ lórí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lu ṣọ́ọ̀ṣì ìkòkò. Lójú tiwọn, irọ́ ni kí amọ̀ máa díbọ́n bí òkúta, àti pé ọ̀ṣọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde léraléra láti inú mọ́ọ̀dù kò lẹ́mìí. Mo gbà díẹ̀ nínú ẹjọ́ wọn lórí Platt. Mi ò gbà á lórí Lever Bridge, níbi tí amọ̀ ti ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣí Natural History Museum ní London ní 1881, tí Alfred Waterhouse fi amọ̀ sísun bo ilé náà tinú tòde, gbogbo ayé ló ń yìn ín. Manchester ni Waterhouse fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí London ń kan sáárá sí, wọ́n ti ṣe é nínú oko èédú Bolton ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú.

Sharpe kò pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ọkàn rẹ̀ pọ̀. Ó di méyọ̀ Lancaster ní 1848, ó sì jà fitafita kí ìlú lè ní omi ẹ̀rọ tó mọ́ àti gọ́tà abẹ́ ilẹ̀, nígbà tí ìdọ̀tí àti omi burúkú ń pa àwọn tálákà. Ó ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ rélùwéè. Ní 1851 ó fi ọ́fíìsì sílẹ̀ pátápátá, ó lọ ń ṣe kọngílá rélùwéè ní Wales àti ní òkè òkun. Kò fi àwọn ilé àtijọ́ sílẹ̀ ṣá. Ó kọ ìwé lórí wọn, lágbà rẹ̀ ó sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán-ilé lọ sí ilẹ̀ Faransé láti wọn ṣọ́ọ̀ṣì bí òun náà ti ṣe nígbà èwe. Ní 1875 ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Gẹ̀ẹ́sì, RIBA, fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Nígbà náà ló tún padà sídìí amọ̀: St Paul's ní Scotforth, ní Lancaster, 1874 sí 1876, ṣọ́ọ̀ṣì ìkòkò ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ló kú sí Milan.

Ẹni tó fi ọ́fíìsì lé lọ́wọ́ ni Edward Graham Paley. Ọmọ àlùfáà ni, láti Easingwold ní Yorkshire. William Paley, tí ìwé rẹ̀ lórí àrídájú Ọlọ́run nínú ẹ̀dá gbajúmọ̀ nígbà náà, ni bàbá àgbà rẹ̀. Ẹni ọdún 15 ni nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Sharpe ní 1838. Ní 1845 ó di alájọni ọ́fíìsì. Ní 1851, ọdún tí Sharpe lọ, Paley fẹ́ Frances, ọmọ ìyá Sharpe lóbìnrin. Ọmọ iṣẹ́ di ẹnìkejì, ẹnìkejì di àna. Ẹni tó bá mọ bí ìdílé oníṣẹ́-ọnà ṣe ń so mọ́ra nílé wa kò ní yà á lẹ́nu.

Paley kò ní ariwo. Kò di méyọ̀, kò lọ la rélùwéè. Ó jókòó ti tábìlì rẹ̀, ó ń ya pílánù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fojú kéré rẹ̀ láàrin Sharpe tó gbóná àti Austin tó jáfáfá tó dé lẹ́yìn rẹ̀, èyí kò sì tọ́ lójú mi. Ẹ lọ wo St Peter's ní Lancaster, tó kọ́ fún àwọn Kátólíìkì láàrin 1857 sí 1859. Ọmọ àlùfáà Áńgílíkà ni Paley, ọgbọ̀n ọdún péré ṣáájú kí ṣọ́ọ̀ṣì yìí tó parí ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀tọ́ Kátólíìkì padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ ṣónṣó rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 240, gbogbo ìlú ló ń rí i. Ní 1924 ó di kàtídírà. Ní Bolton, láàrin 1867 sí 1871, Paley tún ṣọ́ọ̀ṣì àgbà ìlú náà kọ́ láti ìpìlẹ̀. Peter Ormrod, onílé-iṣẹ́ òwú, ló dá san gbogbo owó rẹ̀.

Owó òwú kún inú ìtàn yìí, òwú sì kàn wá. Bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kí Ormrod tó la àpò rẹ̀, Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, àti Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, ti ń bá àwọn Ẹ̀gbá ṣètò kí òwú máa ti Abẹ́òkúta wá sí Manchester. Aṣọ tí Lancashire hun náà sì ń dé ọjà Èkó. Ayé tí àwọn baba wa ń bá ṣòwò ni ayé tí Paley ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún.

Láti 1860 ni ọ́fíìsì náà ti wà ní ojúlé 24, Castle Park, ní ìdojúkọ ilé olódi. Ṣe ni wọ́n kàn máa rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ rélùwéè yìí dáadáa. Ojú irin ti so Lancaster pọ̀ mọ́ Preston ní 1840, ó sì so ó mọ́ Carlisle ní 1846. Ayàwòrán-ilé lè jáde láàárọ̀, kó lọ bá àwọn bírìkìlà rẹ̀ ní Bolton tàbí ní Kendal, kó sì padà sórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó wà ní London kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ní òkè Lancashire. Lẹ́tà ló máa kọ. Ẹni tó ti bá bírìkìlà ṣiṣẹ́ rí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin lẹ́tà àti ojú.

Rélùwéè tún gbé iṣẹ́ wá fúnra rẹ̀. Ní apá òkè etí òkun, ní Furness, wọ́n ń wa irin nínú ilẹ̀, Barrow tó jẹ́ abúlé kékeré ní 1840 sì di ìlú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójú èèyàn. James Ramsden, ọ̀gá rélùwéè Furness, ní kí Paley kọ́ ilé òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́, ibùdókọ̀. Ibùdókọ̀ Ulverston tó ní ilé ìṣọ́ aláago, 1873, iṣẹ́ ọ́fíìsì yìí ni. Ní 1878 ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ni wọ́n jọ yà sí mímọ́ ní Barrow lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n fi orúkọ Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù sọ wọ́n. Nígbà tí iná jó apá kan Holker Hall ní 1871, ọwọ́ wọn ni Díúkù Devonshire gbé àtúnkọ́ rẹ̀ lé.

Ní Lancaster fúnra rẹ̀, Paley ló ya Royal Albert Asylum, 1868 sí 1873, fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò jí pépé láti gbogbo ìpínlẹ̀ òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ńlá ni, ó dúró bí ààfin lórí koríko. Lónìí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ni, Jamea Al Kauthar. Inú mi dùn pé wọn kò wó o.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde. John Douglas wà nínú wọn, ẹni tó lọ dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Chester, tí àwọn ilé onígi dúdú àti funfun rẹ̀ sọ Chester di ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ń wá wò; òun ló ya aago Eastgate tí wọ́n ń yà fọ́tò lójoojúmọ́. Òun náà kò lọ sí London. Ọmọ iṣẹ́ mìíràn láti ayé Sharpe ni Thomas Austin, tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Newcastle. Thomas yìí kọ́ Hubert, ọmọ bàbá rẹ̀ tó kéré sí i, níṣẹ́. Hubert lọ sí London, ó wọ ọ́fíìsì Gilbert Scott, èyí tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ohun tí gbogbo ọ̀dọ́ ń wá ló rí yẹn. Ní 1867 ó fi í sílẹ̀, ó wá sí Lancaster. Ní 1868 ó di alájọni pẹ̀lú Paley. Ẹni ọdún 27 ni. Ó fẹ́ Fanny Langshaw, ọmọ oníṣègùn Lancaster, ní 1870, kò sì fi ọ́fíìsì náà sílẹ̀ títí ó fi kú.

Hubert Austin ni ọba wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni, mo sì dúró lórí rẹ̀. Títí tó fi dé, iṣẹ́ wọn dára, ó péye, ó bá òfin mu. Látìgbà tó dé ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwúwo. Ilé ìṣọ́ wọn kúrò ní tínńrín, ó di gìrìwò. Kò fi dandan gbé ilé ìṣọ́ sí àárín iwájú kí ọ̀tún àti òsì lè dọ́gba. Á gbé e síbi tí ilẹ̀ bá gbé e dé, lápá kan, tàbí lórí àárín ilé, níbi tí apá rẹ̀ ti pàdé bí àgbélébùú. Ògiri rẹ̀ máa ń lọ gbọọrọ láìsí ọ̀ṣọ́, a ó kàn wá bá ìdì ọ̀ṣọ́ kan níbi tí ojú ti ń wá a. Ní St Mary's ní Dalton-in-Furness, 1882 sí 1885, ó to òkúta pupa àti òkúta funfun bíi ayò dírááfù, ṣùgbọ́n níwọ̀n. Ibi tí ó yẹ kó tàn nìkan ló ti tàn. Inú ilẹ̀ agbègbè náà ni àwọn òkúta yẹn ti jáde wá.

Mo ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó ṣe iṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà. Lẹ́yìn tí iná jó All Saints ní Hertford, lápá London, ní 1891, ọ́fíìsì Lancaster ni wọ́n pè. Wọ́n gbé òkúta pupa Runcorn láti Cheshire lọ síbẹ̀. Ilé náà gún régé, kò ní àbùkù kan tí èèyàn lè nawọ́ sí, ṣùgbọ́n ó dúró láàrin àwọn ilé Hertford bí àlejò tó wọ aṣọ ìlú rẹ̀ wá sóde. Ní Stockport, òkúta àti ojú ọ̀run jọ gbọ́ra wọn yé.

St George's ní Stockport ni mo fẹ́ràn jù. George Fearn, apọntí ọlọ́rọ̀ ìlú náà, ló san owó rẹ̀; 1893 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 1897 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Ilé ìṣọ́ wà lórí àárín àgbélébùú, ṣónṣó rẹ̀ sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 236. Ẹ wo ibi tí ṣónṣó ti kúrò lórí ilé ìṣọ́. Ibẹ̀ ló ṣòro jù nínú gbogbo ṣónṣó, nítorí ìsàlẹ̀ igun mẹ́rin ni, òkè sì ti di igun mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé máa ń fi òrùlé kékeré bo igun tó kù, kí wọ́n yáa kọjá. Austin gbé ṣónṣó kékeré kan sí igun kọ̀ọ̀kan, ó wá na apá òkúta láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ di ṣónṣó ńlá mú. Ojú kò mọ ibi tí ìsàlẹ̀ ti parí. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ rẹ̀ lórí Buxton Road, tí ó gbé orí sókè, yóò rí i pé ilé náà kò já síbì kankan láti ilẹ̀ dé òkè. Nínú ilé, àwọn òpó ga, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti òkè, ohùn ẹni kan ṣoṣo sì ń dé ẹ̀yìn.

Nínú iṣẹ́ irú èyí, ọwọ́ ẹlòmíràn pọ̀ lórí ilé ju ọwọ́ ayàwòrán-ilé lọ, Lancaster sì ní àwọn ọwọ́ náà. Shrigley and Hunt, àwọn tí ń ṣe gíláàsì aláwọ̀ mèremère, wà ní Castle Hill, ẹ̀gbẹ́ Castle Park gan-an. Gillow, àwọn káfíńtà àga àti tábìlì tí òkìkí wọn kàn kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú ìlú kan náà. (Igi mahogany tí wọ́n fi lówó láti ìbẹ̀rẹ̀, erékùṣù tí àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń kó o wá, ìyẹn náà kò yẹ kó pa mọ́.) Tí àwọn ayàwòrán-ilé náà bá fẹ́ mọ bí pupa inú gíláàsì yóò ṣe rí tí oòrùn bá là á kọjá, wọ́n á rìn lọ wò ó. Lára àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún ìlú ara wọn ni Storey Institute, 1887 sí 1891, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kàwé tí wọ́n sì ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, àti ilé ìwòsàn Royal Lancaster Infirmary, 1893 sí 1896. Wọ́n ń bá àwọn tó ń lo ilé wọn pàdé ní ọjà.

Nikolaus Pevsner, ọmọ Jámánì tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ rìn ká gbogbo agbègbè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì ń kọ ilé ibẹ̀ sínú ìwé, dé apá òkè Lancashire nínú ìwé rẹ̀ ti 1969. Ó ní àwọn tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà ní ipò tó ga jù lọ ní gbogbo Yúróòpù nígbà tí wọ́n kọ́ wọn. Ọ̀dọ́ òde òní tó gbọ́ orúkọ wọn, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ló jẹ́ kó gbọ́ ọ.

Edward Paley kú ní January 1895. Ọmọ rẹ̀, Henry, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Harry, ti di alájọni láti 1886. Òun àti Austin ló jọ gbé ọ́fíìsì náà títí Austin fi kú ní March 1915. Àwọn ọmọ Austin wọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti da ayé rú. Ọ̀kan nínú wọn, Bernard, lọ bá Vickers ṣiṣẹ́ ní Barrow, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ogun. Ó ku Harry nìkan. Ó ń ya àgbélébùú ìrántí àwọn ọmọ abúlé tí ogun pa, ó ń tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ̀ kọ́ ṣe, ó ń fi yàrá kún ilé ẹ̀kọ́. Ó ṣì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, St Stephen's ní Blackpool, láàrin 1924 sí 1927, ó sì dára. Ṣùgbọ́n owó òwú ti ń gbẹ, irin Furness ti rọlẹ̀, kò sí Ormrod mọ́, kò sí Fearn. Àwọn tí ń kọ́lé tuntun ń wá kọnkéré àti gíláàsì. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tí Harry fa ọ́fíìsì lé lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí Sharpe ti fà á lé bàbá rẹ̀. Ó kú ní 1946, orúkọ náà sì bá a lọ.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà ṣì wà ní ìlò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé ní Manchester àti agbègbè rẹ̀, mo sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ wọn jáde. Bọ́ọ̀sì Wilmslow Road tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ ń gba tòsí ṣọ́ọ̀ṣì ìkòkò Platt kọjá. Ẹ sọ̀ níbi Platt Fields. Ti Stockport wà lójú ọ̀nà Buxton, ẹni tó bá sọ̀ nínú rélùwéè Stockport lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí oòrùn bá wà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ìgbà tí ilẹ̀kùn máa ń ṣí, nítorí inú ilé náà ni ẹ gbọ́dọ̀ dé.